Nọ́ọ̀sì Ọmọ Tuntun: Ohun Tó Ń Lé Wọn Lọ Yàtọ̀ sí Ohun Tó Ń Dá Wọn Dúró

Àwọn tí mo dìídì fẹ́ kí lónìí ni àwọn tó ń ti iṣẹ́ alẹ́ bọ̀ nígbà tí àwa yòókù ń jáde lọ síbi iṣẹ́. Bí ẹ bá dúró níwájú ibùdókọ̀ ojú irin Peckham Rye láàárín aago mẹ́jọ sí mẹ́sàn-án àárọ̀, ẹ máa rí wọn: bàtà pẹlẹbẹ lẹ́sẹ̀, báàgì léjìká, oorun lójú. Òmíràn á yà sí Rye Lane láti ra iṣu àti ẹja kó tó lọ sùn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ nọ́ọ̀sì, ọ̀pọ̀ nínú àwọn nọ́ọ̀sì yìí sì jẹ́ ọmọ wa.

Àmọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì pín sí oríṣiríṣi. Àwọn kan wà láàárín wọn tó jẹ́ pé ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé, ọmọ tí kò tíì lè mí fúnra rẹ̀, ni wọ́n gbé lé wọn lọ́wọ́. Láti Peckham Rye, ibùdókọ̀ kan péré ni ọkọ̀ ojú irin máa rìn kó tó dé Denmark Hill, níbi tí King's College Hospital wà. Evelina London tó wà nínú ọgbà St Thomas' àti ọsibítù Lewisham náà kò jìnnà sí wa. Gbogbo wọn ló ní wọ́ọ̀dù fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀, àwọn ọmọ wa kan tó ń sáré kiri ní Peckham lónìí sì wà lára àwọn tó jẹ́ pé irú wọ́ọ̀dù yẹn ni wọ́n ti kọ́kọ́ lajú sáyé.

Ìbéèrè tí mo fẹ́ ká jọ gbé yẹ̀ wò ni pé: kí ló ń mú kí irú nọ́ọ̀sì yìí fẹ́ràn iṣẹ́ rẹ̀, kí ló sì ń mú kó fi í sílẹ̀? Èmi kì í ṣe nọ́ọ̀sì o. Ẹnjiníà ni mí. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi obìnrin ti lo ọ̀pọ̀ ọdún nídìí àwọn ọmọ tuntun wọ̀nyí, ohun tí mo sì ti gbọ́ lẹ́nu òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pọ̀ ju ohun tí èèyàn lè gbọ́ kó dákẹ́ lọ.

Irú iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe

Ọmọ tó bá pé oṣù máa ń lo nǹkan bí 40 ọ̀sẹ̀ nínú ìyá rẹ̀. Èyí tí wọ́n bá bí kí ọ̀sẹ̀ 37 tó pé ni wọ́n ń pè ní ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé. Ní ìlú yìí, ọmọ ọ̀sẹ̀ 24 lè yè, ṣùgbọ́n ìwọ̀n rẹ̀ lè máà ju nǹkan bí 600 gíráàmù lọ. Ìyẹn ò tó páálí ṣúgà oníkílò kan. Awọ ara rẹ̀ fẹ́lẹ́ débi pé bí èèyàn bá ṣí pílásítà lára rẹ̀ láìrọra, awọ lè bá a lọ. Òògùn rẹ̀ kì í ṣe ti ṣíbí. Ìdá kékeré nínú mílílítà kan ni. Wàrà ìyá rẹ̀, rọ́bà tín-ín-rín ni wọ́n fi ń dà á sí i nínú, díẹ̀díẹ̀. Nọ́ọ̀sì ló ń ṣe gbogbo èyí, fún wákàtí 12 tó fi díẹ̀ lé, tọ̀sán tòru.

Àwa ẹnjiníà la ṣe àwọn ẹ̀rọ tó yí ọmọ náà ká: èyí tó ń mú un móoru, èyí tó ń fẹ́ atẹ́gùn sí i, èyí tó ń ka bí ọkàn rẹ̀ ṣe ń lù. Ẹ̀rọ á dún pé nǹkan ti yí padà. Kò lè sọ bóyá ọmọ ló dáwọ́ mímí dúró ni àbí wáyà ló yọ lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Nọ́ọ̀sì ló máa wo àwọ̀ ọmọ, á wo bí àyà rẹ̀ ṣe ń lọ sókè sódò, á sì mọ èyí tó jẹ́ kí ojú tó ṣẹ́.

Ìdí nìyí tí ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn ọmọ tuntun, British Association of Perinatal Medicine, fi là á kalẹ̀ pé: nọ́ọ̀sì kan sí ọmọ kan fún àwọn tí ewu wọn pọ̀ jù, nọ́ọ̀sì kan sí ọmọ méjì ní ipele tó tẹ̀ lé e, nọ́ọ̀sì kan sí ọmọ mẹ́rin fún àwọn tára wọn ti ń yá. Bí ẹnjiníà bá fẹ́ kọ́ afárá tó máa gbé tọ́ọ̀nù mẹ́wàá, kì í ṣe é kó gbé mẹ́wàá géérégé; á fi àyè sílẹ̀ fún ohun tí kò rò tẹ́lẹ̀. Àyè yẹn ni ìlànà yìí jẹ́. Bí wọ́n bá mú un kúrò, afárá náà ṣì lè dúró lónìí o, ṣùgbọ́n ẹ má lọ sùn lábẹ́ rẹ̀.

Ìkòkò méjì ni, kì í ṣe ẹyọ kan

Nígbà tí mo ń kàwé fún oyè másítà mi nílẹ̀ yìí, wọ́n ní ká ka ìwé kan tí Frederick Herzberg àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjì gbé jáde ní ọdún 1959, The Motivation to Work. Ohun tó fà mí mọ́ra ni pé àwọn ẹnjiníà bíi tèmi àti àwọn akáǹtáǹtì, nǹkan bí 200, ní agbègbè Pittsburgh ní Amẹ́ríkà, ni wọ́n fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò. Ìbéèrè wọn ò le rárá: ìgbà wo ni inú rẹ dùn jù nídìí iṣẹ́ rẹ? Ìgbà wo ló bà jẹ́ jù?

Èèyàn á rò pé ohun kan náà ni wọ́n á máa dárúkọ, pé bí owó bá pọ̀ inú á dùn, bó bá kéré inú á bà jẹ́. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Nígbà tí wọ́n ń sọ nípa ọjọ́ ayọ̀, ohun tí wọ́n ń dárúkọ ni àṣeyọrí tí wọ́n ṣe, bí wọ́n ṣe mọyì wọn, adùn iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀, bí wọ́n ṣe fọkàn tán wọn àti bí wọ́n ṣe ń gòkè. Nígbà tó kan ọjọ́ ìbànújẹ́, ọ̀rọ̀ yí padà sí òfin ilé iṣẹ́, ọ̀gá tí kò mọ èèyàn lò, owó oṣù, àti bí ibi iṣẹ́ ṣe rí.

Bó ṣe yé mi sí ni pé ìkòkò méjì ló wà lórí iná. Ọ̀kan ni ti ìbínú, èkejì ni ti ayọ̀. Bí ẹ bá da ti ìbínú nù, kò túmọ̀ sí pé ti ayọ̀ ti kún. Bí ti ayọ̀ bá sì kún dé ẹnu, kò ní kí ti ìbínú má máa hó lọ́wọ́ kejì. Àwọn onímọ̀ kan ta ko Herzberg, wọ́n ní ọ̀rọ̀ ọmọ èèyàn kì í ṣe ohun tí a lè là sí méjì géérégé bẹ́ẹ̀. Wọ́n lè ní ẹjọ́. Ṣùgbọ́n ó bá ohun tí mo ń gbọ́ mu. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi lè sọ fún wa nídìí oúnjẹ pé òun ò lè ṣe iṣẹ́ mìíràn láyé òun, kó tún sọ níbẹ̀ yẹn náà pé ẹ̀ẹ̀mejì lòun ti kọ lẹ́tà pé òun fẹ́ lọ. Àwọn ará ilé á máa rẹ́rìn-ín pé Àǹtí ò mọ ohun tó fẹ́. Ó mọ̀ ọ́n dáadáa. Ìkòkò méjì ló ń sọ̀rọ̀ lé lórí.

Ohun tó ń hó nínú ìkòkò ìbínú

Àkọ́kọ́ ni àìtó èèyàn. Kí wọ́n fi ọmọ méjì sọ́wọ́ ẹni tó yẹ kó mú ọmọ kan ṣoṣo, ọ̀kan ń dún lápá ọ̀tún, èkejì ń dún lápá òsì. Wọ́n sọ fún mi pé iṣẹ́ kì í pa èèyàn tó pé kó padà sílé pẹ̀lú èrò pé ohun tó yẹ kí òun ṣe fún ọmọ yẹn, òun ò ráyè ṣe é. Ìlànà tún sọ pé ó kéré tán, 70 nínú 100 nọ́ọ̀sì wọ́ọ̀dù náà gbọ́dọ̀ ti gba ẹ̀kọ́ àkànṣe lórí ìtọ́jú ọmọ tuntun. Ẹni tó bá ní ẹ̀kọ́ yẹn ló máa ń ru ẹrù àwọn tí kò tíì ní in, yàtọ̀ sí ẹrù tirẹ̀.

Èkejì ni owó. Láti ọdún 2004 ni wọ́n ti ń fi ètò Agenda for Change pín òṣìṣẹ́ NHS sí ipele ipele. Nọ́ọ̀sì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ń bẹ̀rẹ̀ ní ipele karùn-ún, èyí tí owó ọdún rẹ̀ kọjá £30,000 díẹ̀ ní 2025, kí wọ́n tó fi àfikún ti London sí i. Ẹ fi wé owó ilé ní Peckham, ẹ ó rí i pé kò sí ohun tó ṣẹ́ kù. Ní 2017, ìjọba fagi lé owó ìrànwọ́ tí wọ́n ń fún àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní England, tí wọ́n á fi máa yáwó kàwé; ní 2020 ni wọ́n tó dá £5,000 lọ́dún padà fún wọn. Ọ̀rọ̀ owó yìí ló gbóná títí, tí ẹgbẹ́ Royal College of Nursing, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1916, fi yan iṣẹ́ lódì ní England fún ìgbà àkọ́kọ́, ní ọjọ́ 15 àti ọjọ́ 20 oṣù Kejìlá 2022.

Ẹ̀kẹta kan àwa gan-an: ìgbéga. Láti 2015 ni NHS England ti ń ṣe àkọsílẹ̀ ọdọọdún tí wọ́n ń pè ní Workforce Race Equality Standard. Ohun tó ń fi hàn ni pé bí ipò ṣe ń ga sí i, bẹ́ẹ̀ ni àwọn aláwọ̀ dúdú àti àwọn ẹ̀yà kéékèèké yòókù ń dín kù níbẹ̀. Nọ́ọ̀sì tó ti kọ́ ọ̀gá mẹ́ta níṣẹ́, tí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì ti kọjá lórí rẹ̀, kò nílò kí ẹnikẹ́ni ka àkọsílẹ̀ yẹn sí i létí.

Ohun tó wà nínú ìkòkò ayọ̀

Ẹ jẹ́ kí n mú yín lọ sí Essex, ọdún 1956. Ní ọsibítù Rochford, sístà kan tó ń jẹ́ Jean Ward ló ń bójú tó wọ́ọ̀dù àwọn ọmọ tí oṣù wọn kò pé. Ó gbà pé atẹ́gùn àti oòrùn sàn fún ọmọ ju inú wọ́ọ̀dù tó móoru lọ, nítorí náà bí ojú ọjọ́ bá dára, á gbé àwọn ọmọ jáde sí àgbàlá. Lọ́jọ́ kan, ó fi ọmọ kan han àwọn dókítà. Ara ọmọ náà ti ń mọ́, àfi ibì kan tí etí aṣọ bò, tó ṣì pọ́n rúsúrúsú bí ìyeyè. Ibà pọ́njú ló ń ṣe é, oòrùn ló sì ń wẹ̀ ẹ́ kúrò níbi tó bá ti bà á. Ní 1958, Cremer àti àwọn dókítà ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé àbọ̀ ìwádìí wọn jáde nínú ìwé ìròyìn Lancet, pé ìmọ́lẹ̀ máa ń dín èròjà tó ń mú ara ọmọ pọ́n kù. Iná búlúù tí wọ́n ń tàn sí ọmọ oníbà pọ́njú lónìí káàkiri ayé, ojú nọ́ọ̀sì kan ló ti bẹ̀rẹ̀.

Ìtàn yẹn dé Èkó pẹ̀lú. Nítorí pé iná mànàmáná ilé wa kì í dúró, àwọn oníṣègùn kan, Bọ́lájókò Olúsànyà àti Tina Slusher wà lára wọn, dán an wò ní Island Maternity, Lagos: wọ́n fi ọ̀rá pàtàkì kan sẹ́ ìtànṣán oòrùn kí èyí tó lè pa ọmọ lára má wọlé. Wọ́n gbé àbọ̀ rẹ̀ jáde ní 2015, lẹ́yìn tí wọ́n dán an wò lára ọmọ tó ju 400 lọ, ó sì ṣiṣẹ́ bíi ti iná.

Ẹ wo ohun méjì nínú ọ̀rọ̀ Sístà Ward. Ó rí nǹkan, wọ́n sì gbọ́ tirẹ̀. Ibi tí ayọ̀ nọ́ọ̀sì wà gan-an nìyẹn. Bí a bá mú apá kejì kúrò, ojú rẹ̀ á ṣì máa ríran, ṣùgbọ́n ó máa dákẹ́.

Ní oṣù Keje 2023, ilé iṣẹ́ NHS Race and Health Observatory gbé àyẹ̀wò kan jáde tó sọ pé púpọ̀ nínú ohun tí wọ́n fi ń wo ìlera ọmọ tuntun, àwọ̀ ọmọ òyìnbó ni wọ́n fi ṣe òṣùwọ̀n rẹ̀. Wọ́n ń wá ọmọ tí ara rẹ̀ pupa fẹ́ẹ́rẹ́ kí wọ́n tó ní ara rẹ̀ dá. Báwo ni wọ́n ṣe fẹ́ rí ìyẹn lára ọmọ Peckham? Bẹ́ẹ̀ àwọn nọ́ọ̀sì wa ti mọ̀ tipẹ́ pé funfun ojú, èrìgì, àtẹ́lẹwọ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀ lèèyàn ń wò, kó tó lọ fi ẹ̀jẹ̀ ṣe àyẹ̀wò. Àwọn náà ló mọ̀ láti bi ìyá ọmọ pé, ẹ jọ̀ọ́ Mọ́mì, ṣé ẹ ò kó káńfọ̀ sáàárín aṣọ ọmọ? Nítorí pé ọmọ tí èròjà G6PD kò tó nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, òórùn káńfọ̀ lè sọ ibà pọ́njú rẹ̀ di ohun tó lé kenkà. Ọ̀pọ̀ ọmọ wa ló ní irú ẹ̀jẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ìmọ̀ tí nọ́ọ̀sì gbé wá láti ilé nìyẹn. Ọ̀gá tó bá bi í léèrè ti da ayọ̀ sínú ìkòkò rẹ̀, kò sì ná an ní kọ́bọ̀.

Ayọ̀ mìíràn ni ọjọ́ tí wọ́n bá kọ́kọ́ gbé ọmọ sí ìyá rẹ̀ láyà. Ní Bogotá, orílẹ̀-èdè Colombia, ní nǹkan bí 1978, àwọn dókítà Edgar Rey àti Héctor Martínez rí i pé ínkúbétọ̀ ò tó, ni wọ́n bá ní kí ìyá fi àyà ara rẹ̀ mú ọmọ móoru, ìhòhò sí ìhòhò. Ní 2021, àbọ̀ ìwádìí ńlá kan láti orílẹ̀-èdè márùn-ún jáde, Ilé-Ifẹ̀ sì ni wọ́n ti ṣe ti Nàìjíríà. Wọ́n rí i pé bí wọ́n bá gbé ọmọ sáyà ìyá láìdúró kára rẹ̀ kọ́kọ́ balẹ̀, ikú àwọn ọmọ náà ń fi ìdá mẹ́rin kan dín kù. Àǹfààní rẹ̀ hàn débi pé wọ́n dá ìwádìí náà dúró ṣáájú àsìkò, kí gbogbo ọmọ lè jẹ ẹ́. Nọ́ọ̀sì ló ń kọ́ ìyá bí wọ́n ṣe ń ṣe é, tó ń dúró tì í títí ẹ̀rù á fi kúrò lára rẹ̀.

Àwọn tó là ọ̀nà, àti àwọn tó wà nílé

Ọ̀nà yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ là. Kofoworọlá Àbẹ̀ní Pratt wọ ilé ẹ̀kọ́ Nightingale ní St Thomas' ní 1946, òun sì ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì níbẹ̀. Ó ṣiṣẹ́ fún NHS nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ó padà sílé ní 1954, nígbà tó sì di 1964 ó di ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó jẹ́ mátíróònù UCH Ìbàdàn. Obìnrin yìí lọ, ó sì bọ̀.

Lónìí, lílọ ló pọ̀, bíbọ̀ ò tó nǹkan. Àwọn nọ́ọ̀sì tó kọ́ṣẹ́ ní Nàìjíríà, tí orúkọ wọn wà nínú ìwé ìjọba nílẹ̀ yìí, ti ju 10,000 lọ. Ní 2023, àjọ ìlera àgbáyé ka Nàìjíríà mọ́ orílẹ̀-èdè 55 tí kò yẹ kí ẹnikẹ́ni lọ máa kó òṣìṣẹ́ ìlera wọn. Ní oṣù Kejì 2024, ìgbìmọ̀ tó ń darí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Nàìjíríà pàṣẹ pé nọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ ọdún méjì nílé kí wọ́n tó fọwọ́ sí ìwé rẹ̀ láti jáde. Inú bí àwọn nọ́ọ̀sì, wọ́n tú jáde ní Àbújá àti Èkó. Ní ìparí oṣù Keje 2025, wọ́n tún yan iṣẹ́ lódì káàkiri orílẹ̀-èdè. Ìdí pọ̀ tó fi yẹ ká bẹ̀rù: ìwádìí ìjọba ti 2018 fi hàn pé nínú 1,000 ọmọ tí wọ́n bí ní Nàìjíríà, 39 ni kì í pé oṣù kan láyé. Nílẹ̀ yìí, nǹkan bíi mẹ́ta ni.

Ẹnjiníà ẹlẹgbẹ́ wa kan, Ọ̀jọ̀gbọ́n Hippolite Amadi ti Imperial College níbí ní London, ti fi ọ̀pọ̀ ọdún tún àwọn ínkúbétọ̀ tó ti bàjẹ́ ní àwọn ọsibítù Nàìjíríà ṣe, ó sì ṣe ẹ̀rọ amúnimí tí owó rẹ̀ kò wọ́n fún ọmọ tuntun. Òun ló gba ẹ̀bùn Nigeria Prize for Science ní 2023. Mo gbóríyìn fún un gan-an. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tó dára jù láyé, bí kò bá sí nọ́ọ̀sì tó máa gbọ́ ọ nígbà tó bá dún ní aago mẹ́ta òru, ariwo lásán ni. Títì ilẹ̀kùn mọ́ nọ́ọ̀sì kò lè dá a dúró. Ohun tó ń lé e lọ ni kí wọ́n kọ́kọ́ yanjú.

Kí ni ká ṣe?

Ẹ̀yin ọ̀gá ọsibítù, káàdì ìdúpẹ́ àti àkàrà òyìnbó lọ́jọ́ àwọn nọ́ọ̀sì dára, ṣùgbọ́n kì í dí àyè ẹni tí kò sí ní wọ́ọ̀dù. Ní Amẹ́ríkà, nígbà tí nọ́ọ̀sì ń sá kúrò ní ọsibítù, wọ́n lọ wo àwọn tí nọ́ọ̀sì kì í sá kúrò níbẹ̀. Ní 1983 wọ́n dárúkọ 41, wọ́n pè wọ́n ní ọsibítù òòfà. Ohun tí wọ́n bá níbẹ̀ ni pé èèyàn tó, ọ̀gá ń gbọ́ràn, ẹ̀kọ́ ń lọ, nọ́ọ̀sì sì ní ẹnu ọ̀rọ̀ lórí iṣẹ́ ara rẹ̀. Ìkòkò méjèèjì ni wọ́n ń tọ́jú pọ̀.

Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ yín bá ti kúrò ní irú wọ́ọ̀dù bẹ́ẹ̀, ẹ kọ lẹ́tà sí ọsibítù, kí ẹ sì dárúkọ nọ́ọ̀sì tó tọ́jú rẹ̀; irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ máa ń wúlò fún un bí ọ̀rọ̀ ìgbéga bá dé. Bí ọmọ bá pé ọdún kan, ẹ fi fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́. Wọ́n kì í sábà mọ ibi tí àwọn ọmọ náà já sí.

Àti àwa yòókù, ẹ jẹ́ ká yé sọ fún nọ́ọ̀sì tó ń ráhùn pé ṣebí iṣẹ́ Ọlọ́run ni, èrè ń bẹ lọ́run. Òótọ́ ni pé ó fẹ́ràn àwọn ọmọ náà. Ìfẹ́ yẹn gan-an ni wọ́n fi ń rẹ́ ẹ jẹ. Nítorí pé kò lè fi ọmọ tó ń dún sílẹ̀, wọ́n mọ̀ pé á dúró kọjá àsìkò, á sì wá ní ọjọ́ ìsinmi rẹ̀, títí di ọjọ́ tí kò ní wá mọ́. Àwọn àgbà wa ní yinni yinni, kẹ́ni ó ṣe mìíràn. Wọn ò ní ká fi yíyìn rọ́pò owó iṣẹ́.